Fíìmù àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin Rọ́ṣíà: kí ló dé tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn fẹ́ni tí wọn ò mọ̀ rí?

OmoAjase
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Lálẹ́ àná mo wo fíìmù kan, kì í ṣe ti àwọn òṣèré o, èèyàn gidi ni gbogbo wọn, wọ́n kàn gbé kámẹ́rà wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ní Rọ́ṣíà, wọ́n wá ń ya àwọn èrò inú ẹ̀: ìyá àgbà kan tó ń bó ẹyin, ọmọ sójà tó ń lọ sílé, bàbá kan tó ń ti ibi iṣẹ́ epo bọ̀ tó ti pẹ́ tó rí ọmọ ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni wọ́n ń ro ẹjọ́ ọkọ, ẹjọ́ ìyàwó, ẹjọ́ gbèsè fún. Èmi tí mo bá wọ tákísí láti Àjàṣẹ́ lọ Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, tá a bá ti kíra tán, ó parí, kálukú ti dojú kọ fóònù ẹ̀. Ṣé wọ́n fún wọn lówó ni àbí bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn? Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí kó dá sí i jàre.

BabaInjinia
Àbúrò, kò sówó kankan níbẹ̀. Ọ̀hún ni mo ti kàwé, mo sì wọ ọkọ̀ yẹn dáadáa. Èyí tí mẹ̀kúnnù ń wọ̀, platzkart lorúkọ ẹ̀, kò ní yàrá kò ní ilẹ̀kùn, ibùsùn 54 nínú wágọ̀nù kan ṣoṣo, bó o bá ń hanrun gbogbo wọn ló gbọ́. Wá wo bó ṣe rí: ẹni tó ra ibùsùn òkè kò níbi tó máa jókòó sí lọ́sàn-án àfi etí ibùsùn ẹni ìsàlẹ̀, tábìlì kékeré tó wà lójú fèrèsé náà, ẹni ìsàlẹ̀ ló ni ín, torí náà wàá tọrọ àyè kó o tó jẹun, òun náà á ní kó o wá, á na búrẹ́dì àtẹyin sí ẹ, ṣé o máa jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán kó o wá dijú mọ́rí ni? Àwọn tó wà létí ọ̀nà ló tiẹ̀ le jù, tábìlì wọn yẹn gan-an ni wọ́n máa ń tẹ́ di ibùsùn, bí ẹnì kan bá fẹ́ sùn èkejì gbọ́dọ̀ dìde. Moscow sí Vladivostok jẹ́ kìlómítà 9,289, bí ọ̀sẹ̀ kan, inú igbó ló sì pọ̀ jù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti sá lọ, fóònù wo lo fẹ́ dojú kọ? Àní nígbà tiwa aago Moscow ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì káàkiri Rọ́ṣíà, 2018 ni wọ́n tó yí i padà, ẹ óò dé Vladivostok laago mẹ́sàn-án alẹ́, aago ibùdókọ̀ á ní aago méjì ọ̀sán ni. Orí èèyàn á dàrú, ọ̀rọ̀ á máa jáde.

IyaKetu
Mo ti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀, kò tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ń wá ẹkún kiri ni, ẹni tójú ẹ̀ bá ti ń pọ́n ni wọ́n ń sún mọ́. Obìnrin tó ń ṣọ́ wágọ̀nù ńkọ́, tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì àti páṣípọ́ọ̀tù wò lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pín aṣọ ìtẹ́bùsùn, tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ ṣálángá, tó ń mójú tó ìkòkò omi gbígbóná tí gbogbo wọn fi ń po tíì, tó tún ń jí èrò lóru kí wọ́n má bàa sùn kọjá ìlú wọn? Fìrí báyìí ni wọ́n fi í hàn. Òun ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀.

SabeOpara
Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé Rọ́ṣíà nìkan ló nìyẹn o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ọkọ̀ ojú irin Kútọnu sí Kparaku láyé, kìlómítà 438, tó ń gba Bọhikọ́n àti Dásà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ṣábẹ, ṣé ẹnì kankan ń dákẹ́ nínú ẹ̀ ni? Ìyálọ́jà á gbé ọmọ lé ẹ lẹ́sẹ̀ kó lè sọ̀kalẹ̀ lọ ra iṣu, kó tó padà ẹ ti di ẹbí. Bọ́ọ̀sì tá à ń wọ̀ báyìí, iwájú ni gbogbo wa kọjú sí, ẹ̀yìn orí ẹlòmíì lò ń wò, dírẹ́bà tún ti tan fíìmù aláriwo. Ta lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀?

OmoAjase
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Injinia, àwọn tẹ́ ẹ pàdé nínú ọkọ̀ yẹn, ṣé ẹ ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀?

BabaInjinia
Rárá o, bí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀ ó ti tán. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ṣé wàá ro ẹjọ́ ìyàwó ẹ fẹ́ni tẹ́ ẹ tún máa pàdé lọ́jà Wàndó ní Àjàṣẹ́ ni?

OmoAjase
Háà, Wàndó kẹ̀? Ilẹ̀ ò ní ṣú tí ìyá ìyàwó mi á fi pè.