Orí máṣíìnì tí wọ́n padà lọ gbé lọ́jọ́ Ògùnpa

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń ka ìrírí yín lórí omíyalé láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ṣàgámù ni mò ń gbé, ilé wa ò jìnnà sí odò. Mọ́lété n'Ìbàdàn ni bàbá mi ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, lọ́jọ́ Àìkú tí odò Ògùnpa ya. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, wọ́n á tún sọ ọ́ fún wa. Gbogbo wọn ti jáde, omi ò tíì ju kókósẹ̀ lọ, ni ọ̀gá wọn bá ní òun gbàgbé orí máṣíìnì. Ó padà wọlé. "Kí n tó kà dé ogún, omi ti dé ojú fèrèsé." Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń dákẹ́ sí.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, òjò kan bẹ̀rẹ̀ lóru. Rédíò ti kìlọ̀ títí, mo gbọ́, n kò palẹ̀ nǹkan kan mọ́. Àfìgbà tí mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ omi. Ọ̀gá bàbá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo pọn Táyé, ọkọ mi gbé Kẹ́hìndé, ó di ilé aládùúgbò wa tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí a ṣe débẹ̀, ọkọ mi fẹ́ padà lọ gbé jẹnẹrétọ̀. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú: "Bàbá Ìbejì, orí máṣíìnì o!" Kò bi mí pé kí ni mò ń wí. Òun náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu àna rẹ̀ láìmọye ìgbà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ilà ẹrẹ̀ lára ògiri yàrá wa ga dé èjìká mi.

Ẹnì kan sọ lókè pé ìtàn ò lè dá omi dúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo erékùṣù Simeulue ní Indonéṣíà. Ìgbì òkun pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ ní 1907. Àwọn tó ṣẹ́kù pè é ní smong, wọ́n sì ń fi kọrin rẹ ọmọ: bílẹ̀ bá mì tìtì, tí òkun fà sẹ́yìn, má dúró ṣa ẹja, orí òkè ni kó o sá lọ. Nígbà tílẹ̀ mì ní 26 oṣù Kejìlá 2004, kò sí fèrè ìkìlọ̀ kankan. Wọ́n kàn pariwo "smong", wọ́n sá. Nínú bí 78,000 èèyàn, 7 péré ló kú. Ní etíkun Aceh, lórí erékùṣù Sumatra tó wà nítòsí wọn, àwọn tó bá omi lọ ju 100,000 lọ. Omi ojú mi ń bọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ "omi wọlé, Ọlọ́run yọ wá," ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u palẹ̀ fún wa. Ibo lomi gbà wọlé? Kí lẹ padà lọ mú?

*Èsì láti Ìjẹ̀bú-Igbó:* Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ìjì ni tèmi. Màmá wa àgbà máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń pa èèyàn, páànù ni. Nígbà tí òrùlé ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, a ò sá síta. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la wọ̀, èmi àtàwọn àbúrò mi méjì. Páànù kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó gún mátírẹ́ẹ̀sì lókè orí wa.