Èsì lórí "Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni Àgbà Ẹgbẹ́ Alámí": òbí ló ń yọ̀ǹda, àwa là ń gbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú àríyànjiyàn.

Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ látọjọ́ Ajé, mo ti pinnu pé mi ò ní dá sí i, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé ẹ̀gbọ́n wa tó mú ọ̀rọ̀ yẹn wá ti fẹ́ kó o sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n ń ṣe, ara mi ò gbà á mọ́. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì kà á, ohun tí wọ́n sọ ni pé kò yẹ ká máa pe àgbàlagbà tó ń bójú tó àwọn ọmọ sikáòtù ní "sikáòtù máásítà" tàbí "ọ̀gá sikáòtù" mọ́, wọ́n ní Òyìnbó ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, ká máa pè é ní "Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni Àgbà Ẹgbẹ́ Alámí". Ẹ rọra tún un pè. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ejò yọ sí nínú igbó lálẹ́, ṣé ohun tó máa fi ké pe ẹni tó wà nítòsí nìyẹn?

Ẹnì kan ti ní kí èmi dákẹ́ torí mi ò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Lóòótọ́ mi ò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti pírámárì ni mo ti ń wọ kakí yẹn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ti pé ọdún 19 báyìí tí mo ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ ní gbogbo Sátidé láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ mi lẹ ń sọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ lórúkọ, ẹ bi í léèrè ná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "alámí" tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò sikáòtù, torí mo mọ ibi tẹ́gbọ́n ti rí i, wọn ò sì parọ́. Sọ́jà ni Baden-Powell tó dá ẹgbẹ́ sikáòtù sílẹ̀. Ní 1899 ó kọ ìwé kékeré kan fún àwọn sọ́jà nípa bí wọ́n ṣe ń yọ́ lọ wo ibùdó ọ̀tá, lọ́dún yẹn kan náà ni ogun ká a mọ́ Mafeking ní South Africa, ọjọ́ 217 ni wọ́n fi há síbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin inú ìlú ló sì ń bá wọn jíṣẹ́ káàkiri. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà dúró sí, amí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀ o. Nígbà tó padà délé tó rí i pé àwọn ọmọdé ti sọ ìwé sọ́jà di ohun tí wọ́n fi ń ṣeré, ó kó bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea lóṣù kẹjọ 1907, ọmọ olówó àtọmọ tálákà nínú àgọ́ kan náà, nígbà tó fi máa di 1908 ó ti kọ ìwé tuntun fáwọn ọmọdé, inú ìwé yẹn gan-an ló ti ya sikáòtù ogun sọ́tọ̀ kúrò lára sikáòtù àlàáfíà. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ aṣọ ogun kúrò lọ́rùn ẹ̀ láti 1908, àwa la wá fẹ́ fi Yorùbá wọ̀ ọ́ padà.

Lédè tiwa, kí ni wọ́n ń pè ní amí? Ẹ̀sùn ni. Nígbà tí Jósẹ́fù fẹ́ dẹ́rù ba àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Íjíbítì, amí ló pè wọ́n, kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́. Ẹ wò ó, ẹ kọ lẹ́tà sí ìyá kan lónìí, pẹ̀lú bí ìlú ṣe rí yìí, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹgbẹ́ alámí fẹ́ mú ọmọ ẹ̀ lọ sínú igbó fọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹ wá wo bó ṣe máa tilẹ̀kùn.

Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Èkìtì ní kò burú, ká sáà fa ohùn ìkẹyìn wálẹ̀, kó di "alámì", pé àmì ni sikáòtù ń tọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú díẹ̀ torí òótọ́ wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tá a kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ni bó ṣe máa ka àmì ojú ọ̀nà, òkúta tí wọ́n tò, ewéko tí wọ́n so, ọ̀pá tí wọ́n fi lélẹ̀. Kódà lórí ibojì Baden-Powell ní Nyeri ní Kenya, níbi tí wọ́n sin ín sí ní 1941, àmì yẹn ni wọ́n fi síbẹ̀, òbírí kan tó ní àmì róbótó kékeré kan láàárín, ìtumọ̀ ẹ̀ lédè àwa sikáòtù sì ni pé "mo ti relé". Ṣùgbọ́n àǹtí, ẹ sọ fún mi, èèyàn mélòó ló ń fàmì sórí ohun tó ń tẹ̀ lórí fóònù? "Alami" ni wọ́n máa kọ. Àárín àmì àti amí, ẹni tó ń kà á lọ́kàn ló máa mú èyí tó bá wù ú, ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀ sì máa mú amí. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo ló yà á kúrò lára èébú, ẹ má fi pe ọmọdé.

Èmi ní ká fi sikáòtù sílẹ̀. Láti 1915 ló ti wà ní Nàìjíríà, a ti wọ ẹgbẹ́ àgbáyé wọn láti 1961, àwọn ìyá àgbà tí wọn ò mọ A yàtọ̀ sí B ń pè é láìkọsẹ̀. A pe tíṣà ní tíṣà, a pe sọ́jà ní sọ́jà, a pe bíṣọ́ọ̀bù ní bíṣọ́ọ̀bù, Yorùbá ò sì kú. Ibi tó yẹ ká ti lo ọpọlọ wa ni orúkọ àgbàlagbà yẹn, torí "máásítà" ò dáa, ìyẹn ni mo bá ẹ̀gbọ́n gbà. Èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó wá kan "yọ̀ǹda", òun gan-an ló dùn mí. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà láti àná pé yọ̀ọ̀da ni kì í ṣe yọ̀ǹda, ibì kan ń pè é báyìí, ibòmíì ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé ìjà yẹn lọ síbòmíì.) Rédíò ti fi "olùyọ̀ǹda-ara-ẹni" lù wá létí débi tá ò fi ronú sí ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́. Kí ni ìyọ̀ǹda? Àṣẹ ni. Bàbá ló ń yọ̀ǹda fún ọmọ kó jáde. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ ló ń yọ̀ǹda ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá wá yọ̀ǹda ara ẹ̀, òun ló fún ara ẹ̀ láṣẹ nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdìbò, tàbí níbi tí omíyalé ti ṣọṣẹ́, kò burú, ẹni tó bá lágbára kó bọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n nídìí ọmọ ọlọ́mọ? Àgbàlagbà tó fún ara ẹ̀ láṣẹ lórí ọmọ ọlọ́mọ gan-an lẹni tá à ń sá fún! Òun ni ẹgbẹ́ àgbáyé fi ṣe ètò ààbò ọmọ tí wọ́n ń pè ní Safe from Harm, òun ló fà á tí a kì í fi jẹ́ kí àgbàlagbà kan ṣoṣo dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀, méjì la gbọ́dọ̀ jẹ́, òun ló fà á tí fọ́ọ̀mù fi máa ń lọ sílé tí bàbá tàbí ìyá máa fọwọ́ sí i kí ọmọ tó wọ mọ́tò. Òbí ló ni yọ̀ǹda. Ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ òbí lé wa lórí.

Èèyàn mẹ́ta ti mú òmíràn wá. Ẹnì kan ní "aláàáró". Rárá o, àáró ní san-án-padà nínú, mo ro oko ẹ lónìí, wàá ro tèmi lọ́la, kí lọmọ ọdún mẹ́wàá fẹ́ bá mi ro? Ọ̀wẹ̀ ṣì sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń wá oúnjẹ fún àwọn tó wá ṣe é, nídìí sikáòtù àwa tá à ń ṣiṣẹ́ la tún ń ra gààrí. Ẹlòmíì ní "onílẹ̀kẹ̀", torí ìlẹ̀kẹ̀ igi méjì tó máa ń wà lọ́rùn àwọn tó ti parí ẹ̀kọ́ Wood Badge, ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà sikáòtù tó bẹ̀rẹ̀ ní Gilwell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kó ọmọ kiri kí ìlẹ̀kẹ̀ tó kan ọrùn mi, kí lẹ fẹ́ máa pè mí láàárín ọdún mẹ́fà yẹn? Ẹnì kẹta ní "aṣáájú". Ìyẹn ò mọ bí nǹkan yìí ṣe ń rìn rárá. Pátírọ́ọ̀lù, ìyẹn àwùjọ kéékèèké tá a máa ń pín àwọn ọmọ sí, ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń wà nínú ẹ̀, ọmọdé bíi tiwọn sì ni olórí ẹ̀, òun ló mọ ẹni tó máa dáná àtẹni tó máa pọnmi. Tá a bá ń rìn lọ ọ̀nà jíjìn, àwọn ló wà níwájú. Ẹ̀yìn lèmi máa ń wà, lọ́dọ̀ èyí tí bàtà ń bù jẹ. Ẹ wá fi iwájú sínú orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn.

Atọ́kùn fẹ́ wù mí, mi ò ní purọ́. Eégún ló ń jó, atọ́kùn kì í jó. Àmọ́ mo mọ pásítọ̀ àti àlùfáà tó máa mú ọmọ wọn kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi. Tíṣà kan ló ń kó wa kiri nígbà tá a wà lọ́mọdé, owó oṣù tí kì í tètè wọlé ló fi ń ra epo àtùpà. Tá a bá ti kámpù dé, kì í já wa sílẹ̀ ní títì kó máa lọ. Ojúlé sí ojúlé ló máa mú wa lọ, á kan ilẹ̀kùn, á ní, "Ìyá, mo dá ọmọ yín padà o, ẹ ka ìka ẹ̀." Ìyá mi á dì mí lọ́wọ́ mú, á kà á lóòótọ́, á wá dá a lóhùn pé, "Ẹ kú àgbàtọ́ o, tíṣà."

Àgbàtọ́. Obìnrin tí kò kàwé kankan ló sọ ọ́, kò ṣèpàdé lórí ẹ̀.

Alágbàtọ́ sikáòtù, òun ni mo fẹ́. Ẹ wo "gbà" tó wà nínú ẹ̀. Alágbàfọ̀ gba aṣọ tí kì í ṣe tiẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà ní mímọ́. Alágbàtà gba ọjà ọlọ́jà, alágbàwí gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò. Ẹni tó bá ti gba nǹkan, ẹnì kan ló fún un, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tó máa jíhìn. "Gbà" yẹn ló kó fọ́ọ̀mù, òbí àti ìka ọwọ́ tí ìyá mi ń kà pọ̀ sójú kan. "Tọ́" sì wà nídìí ẹ̀ tó ń sọ iṣẹ́ tá a gbà á fún. Olù- ò ní irú ẹ̀. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, gbogbo nǹkan ti fẹ́ di olù- báyìí, bíi pé àwọn tó sọ pé apẹja, aránṣọ, agbẹ́gilére ò gbọ́ Yorùbá tó.

Mo mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni lọ́yà wa máa sọ pé àgbàtọ́ lọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, ti ẹni tó gba ọmọ ṣe ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló kọ́kọ́ jẹ́. Ilé ẹjọ́ yá a ni.

Ó ku ẹni tó ní kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe lọ́rùn ẹgbẹ́ tó ń fi ọwọ́ òsì kíra wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́ ìkíni yẹn mo délé mo na òsì sí bàbá àgbà, igbátí ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Tíṣà gbọ́, ó wá dọ̀bálẹ̀, ó sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ fún gbogbo wa, pé ní Kumasi ní Ghana, nígbà ogun Prempeh ọba Àṣáńtì, ìjòyè kan sọ fún Baden-Powell pé ọwọ́ òsì lakíkanjú fi ń di asà mú, ẹni tó bá sọ asà ẹ̀ sílẹ̀ kó tó kí ẹ ti fọkàn tán ẹ. Bàbá dákẹ́ títí. Wọ́n ní àwọn Òṣùgbó (Ògbóni nìyẹn) náà ń fi òsì kíra wọn, àwọn náà nídìí tí wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní tàwọn ẹgbẹ́ mi lòsì, tàwọn lọ̀tún. Àlàyé bàbá tó mi títí dòní, bí kò bá tó arákùnrin yẹn, kó wá sí Ìjẹ̀bú ká jọ sọ ọ́.

Sátidé tó ń bọ̀ ọmọ 14 ló wà lọ́rùn mi, mo gbọ́dọ̀ dá wọn padà kílẹ̀ tó ṣú, mi ò ní lè fèsì títí di ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó ju alágbàtọ́ lọ, ẹ kọ ọ́, màá kà á. Ẹ ṣáà fàmì sí i.