Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: dráyà mi ń yí, ṣùgbọ́n kò gbóná mọ́

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Dráyà tí mo fi ń mú aṣọ gbẹ, èyí tó ń lo iná mànàmáná, ti lo ọdún 7 lọ́wọ́ mi. Láti Sátidé ló ti ń yí láìgbóná. Wákàtí kan gbáko, aṣọ ṣì rin gbindin! Aṣọ iléèwé méjì-méjì péré làwọn ọmọ mi ní. Oníṣẹ́ tí mo pè ò tiẹ̀ tú u wò tó fi ní kí n lọ ra tuntun, ó sì gbowó kó tó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìyábọ̀
Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ìyá wa. Ẹ kọ́kọ́ lọ sídìí breaker, ìyẹn ìtanná inú àpótí iná ilé tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá pọ̀ jù. Iná 240 volt ni irú dráyà yẹn ń lò ní Amẹ́ríkà níbí, waya méjì ló sì ń gbé e wọlé, 120 volt lọ́kọ̀ọ̀kan. Waya kan ti tó láti yí garawa inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí méjèèjì pé kó tó lè gbóná. Bí ọ̀kan bá já, ohun tí ẹ ń rí yìí gan-an lẹ máa rí. Ẹ pa breaker rẹ̀ pátápátá, kí ẹ tún gbé e dìde.

Ìyá Ìbejì, Houston
Mo ti ṣe é, bàbá, ẹ ṣeun. Kò yí padà.

Àdùkẹ́ Baltimore
Ẹ̀yin mi, ìgbà wo lẹ ti wo páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́yìn? Ẹ tan dráyà, kí ẹ bọ́ síta síbi tí atẹ́gùn rẹ̀ ń gbà jáde lára ògiri. Bí ìdérí ibẹ̀ ò bá ṣí, ó ti dí nìyẹn.

Bí tèmi náà ṣe ṣe nìyí. Asẹ́ iwájú ni mo máa ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà, mo rò pé ó tán. Ọjọ́ tí mo fa páìpù yọ, òwú tó jáde kún àpò ìrẹsì, ó rí bí eérú, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, bọ́tìnì aṣọ ọkọ mi wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi, torí irú òwú yẹn kì í pẹ́ gbaná. Bí ooru ò bá ríbi gbà jáde, fúúsì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń gbóná máa já kí ilé má baà jó. Kò ṣeé tún lò, tuntun ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi waya so ó kọjá o! Ẹ sì yọ dráyà kúrò lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London
Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Èyí tí kò ní páìpù, tó ń gbomi sínú ọpọ́n ni. Ó máa ń dákẹ́ kí aṣọ tó gbẹ.

Bàbá Ìyábọ̀
Wo inú garawa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló fi ń mọ̀ bóyá aṣọ ti gbẹ. Oògùn tó ń mú aṣọ rọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Fi fínígà díẹ̀ nù ún. Kó o sì fọ asẹ́ ìsàlẹ̀ bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ.

Ìyá Ìbejì, Houston
Àdùkẹ́, Ọlọ́run á bù kún ọ! Páìpù ti dí pátápátá, fúúsì náà sì ti já. Àbúrò mi tó mọ iṣẹ́ iná ló bá mi pààrọ̀ rẹ̀, ó ti ń gbóná. Páìpù ike funfun ni mo bá níbẹ̀. Irú èwo ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Àdùkẹ́ Baltimore
Ọpẹ́ o! Irin tó le, tí inú rẹ̀ dán, ẹnu rẹ̀ ínṣì 4. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó má kọ́rọ́ púpọ̀. Tépù onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ (foil tape) ni kí wọ́n fi so oríkèé rẹ̀, kì í ṣe ìṣó onídè tó máa yọ sínú, torí òwú á máa kọ́ ọ.