Ìrírí wa lórí pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àwọn yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè

Olùkọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn, Tankẹ, Ìlọrin:

Ẹ̀yin ènìyàn wa, owó Erasmus+, ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí ó ń rán olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì kan lọ sí òmíràn, ni ó gbé mi dé Nẹ́dálándì láti lọ kọ́ni. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò náà lọ́dún 1987, kí wọ́n tó wá ṣí i sílẹ̀ fún àwa náà. Kì í ṣe ìrìn àjò ìgbafẹ́ rárá: òfin rẹ̀ ni pé olùkọ́ tí ó bá lọ gbọ́dọ̀ kọ́ni fún wákàtí 8 ó kéré tán lọ́sẹ̀.

Mo ń ṣàlàyé lọ́jọ́ kan bí àwọn àgbẹ̀ wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ṣe máa ń fi oko sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ilẹ̀ lè sinmi, ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bá nawọ́ sókè, ó béèrè pé ọdún mélòó ni ó ń gba ilẹ̀ náà kí ó tó bọ̀ sípò, àti pé ta ni ó ti wọ̀n ọ́n. Orúkọ àbísọ ni wọ́n fi ń pe olùkọ́ níbẹ̀, èyí tí ó ṣòro fún etí ọmọ Ìlọrin láti gbà, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò sí àfojúdi nínú ìbéèrè ọmọ náà. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Nígbà tí mo padà dé, mo fi ìbéèrè yẹn ṣe iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ṣàárẹ́ àti Àjàṣẹ́-Ìpo, wọ́n bu erùpẹ̀ láti oko tí a ń dá lọ́wọ́ àti láti ilẹ̀ tí ó ti sinmi, wọ́n sì gbé e wá sí yàrá àyẹ̀wò. Kò sí ẹni tí ó wọ ọkọ̀ òfurufú rí nínú wọn, síbẹ̀ èrè ìrìn àjò náà kàn wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí owó kò bá tó fún gbogbo ènìyàn, olùkọ́ ni kí a kọ́kọ́ rán, nítorí ọdọọdún ni yóò máa rí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Ọ̀fà:

Mo kí yín, mà. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́yìn. Nẹ́dálándì ni èmi náà ti lo sẹ̀mẹ́sítà kan, láìsan owó ilé-ẹ̀kọ́ fún yunifásítì tí ó gbà mí lálejò. Èmi, ọmọ Indonéṣíà kan àti ọmọ Kẹ́ńyà kan ni wọ́n pa pọ̀ láti ṣiṣẹ́. Títí di òní, a ń fi ohun tí a bá kọ ránṣẹ́ sí ara wa láti yẹ̀ wò.

Ohun tí ó yẹ kí a mójú tó ni máàkì. 10 ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gba 6 ti yege, 8 dára gidigidi, agbára káká sì ni a fi ń rí ẹni tí ó gba 10. Lọ́dọ̀ wa, láti 70 ni A ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá kàn sọ 6 di 60, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege yóò gba B, ẹni tí ó sì ṣiṣẹ́ àṣekára gba 8 kò ní yàtọ̀ sí ẹni tí ó gba 7. Kí n tó gbéra ni ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ mi ti kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, iye yúníìtì rẹ̀ àti bí a ó ṣe yí máàkì padà sínú ìwé àdéhùn, tí gbogbo wa sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni ó jẹ́ kí n bá àwọn ẹgbẹ́ mi parí.

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, Òmù-Àrán:

Ẹ̀yin àgbà, Gánà ni èmi lọ, n kò sì gba físà, nítorí àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láàyè láti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 90. Láràárọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò wọn, kí wọ́n tó lo ẹ̀rọ pH, èyí tí ó ń wọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, wọn a kọ́kọ́ fi omi méjì tí a ti mọ̀ pé pH wọn jẹ́ 4 àti 7 yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ náà gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe níhìn-ín báyìí, nítorí bí ẹ̀rọ bá purọ́, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kọ ìwé béèrè owó, ẹ fi orúkọ àwa tí a kì í ṣe olùkọ́ sí i. Erasmus+ tí mà sọ ní owó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa náà.