Women's Ashes: báwo lẹ ṣe ń fi nọ́ńbà ODI díwọ̀n bowler fún Test?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kíríkẹ́ẹ̀tì dunjú. Mò ń kọ àlàyé sílẹ̀ de Women's Ashes tó ń bọ̀, ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin láàárín England àti Australia, ọ̀rọ̀ àwọn bowler (àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí batter, ẹni tó ń gbá a) ló wá dí mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ rántí ètò 2023: Test kan (eré ọlọ́jọ́ púpọ̀), máàkì 4, ODI mẹ́ta (eré ọjọ́ kan, over 50 fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan) àti T20 mẹ́ta (over 20), máàkì 2 lọ́kọ̀ọ̀kan; bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú over kan. England jẹ ODI 2-1, wọ́n jẹ T20 2-1, síbẹ̀ Test tí Australia jẹ ló sọ ọ́ di 8-8, Ashes sì dúró sọ́wọ́ Australia, tó ti gbà á tẹ́lẹ̀. Test yẹn ò ṣeé fojú kéré rárá.

Mo ti fi iye run (àmì ayò) tí bowler ń fún alátakò nínú over kan wéra. Kò bá a mu: over 4 lẹnì kan lè jù mọ nínú T20, 10 nínú ODI, Test ò ní gbèdéke. Mo tún ka iye bọ́ọ̀lù tó ń ná wọn kí wọ́n tó gba wicket kan, ìyẹn kí wọ́n tó lé batter kan jáde. Òun náà ń ṣini lọ́nà, torí nínú T20, batter tó ń wá six (run mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan) lójú méjèèjì ló ń fi wicket tọrẹ. Nọ́ńbà Test fúnra rẹ̀ ò tó nǹkan, nítorí àwọn obìnrin kì í sábà gbá a. Ẹ wo Ashleigh Gardner, spinner Australia (bowler tó ń mú kí bọ́ọ̀lù yí), nínú Test ní Trent Bridge lọ́dún 2023: wicket 8 fún run 66 nínú innings kejì England (ìgbà kejì tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù)! Nọ́ńbà T20 wo ló lè sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: fún spinner, ṣé over 11 sí 40 (àárín eré) nínú ODI nìkan ni kí n kà, kí n pa T20 tì pátápátá? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, over mélòó ló gbọ́dọ̀ ti jù kí nọ́ńbà náà tó ṣeé gbára lé?