Báwo ni mo ṣe máa ya Àbẹ̀ní pẹ̀lú Ilé Kòkó?

Pẹ́ńsù_Àdùnní
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń ya ọmọbìnrin kan tí mo fúnra mi ṣẹ̀dá, Àbẹ̀ní lorúkọ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti ọ̀nà Àkànrán ni, ọdún 1966 ni ìtàn rẹ̀. Ó wọ àdìrẹ, ó gbé agbọ̀n kòkó rù, ó dúró ti Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Bí mo bá ya ilé náà látòkè délẹ̀, Àbẹ̀ní á rí bí èèrà. Bí mo bá jẹ́ kí ọmọ náà tóbi, ilé á di ògiri lásán. Ẹ gbà mí o.

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀
Àbúrò mi, mú un kúrò nídìí ilé yẹn. Mítà 105 ni gíga rẹ̀, ó fi nǹkan bí ìlọ́po 64 ga ju Àbẹ̀ní lọ. Bí ọmọ náà bá wà ní mítà 5 sí ojú ẹ, tí ilé wà ní nǹkan bí mítà 320, gíga wọn á dọ́gba lórí bébà.

Tèmi ni, Òkè Àrẹ̀ ni mo máa gbé e lọ, lẹ́bàá ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní 1936, èyí tí àwa ń pè ní Layípo. Láti ibẹ̀, Ilé Kòkó á kéré sí Àbẹ̀ní, síbẹ̀ òun ló máa yọrí láàrin àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Jọ̀ọ́, má fo páànù yẹn o! Òun ló ń sọ pé Ìbàdàn nìyí. Ojú Àbẹ̀ní ńkọ́? Má yà á bí àlejò tó ń la ẹnu sílẹ̀. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ilé náà tí wọ́n ṣí ní 1965. Òógùn bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, jẹ́ kó wò ó bí ẹni tó nípìn-ín.

Ìyá_Aláró
Ìbàdàndùn ni kó wọ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára. Bí o bá ya òpó yẹn dáadáa, ìlú àtijọ́ ti wà lára aṣọ rẹ̀ nìyẹn.

Pẹ́ńsù_Àdùnní
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, mo ti rí ibi tí yóò dúró. Agbọ̀n ńkọ́?

Ọmọ_Òkè_Àrẹ̀
Yọ ọ́ kúrò. Kòkó gbígbẹ inú àpò ni wọ́n ń kó wọ ìlú tà, ọkọ̀ ló sì ń gbé e.