Fóònù ní kí n mu mínírà, ṣúgà mi sì ti ga

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnì kan béèrè lánàá bóyá fóònù lè bá èèyàn ṣọ́ ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú tèmi rí.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n sọ fún mi pé àtọ̀gbẹ, irú kejì, ni mo ní. 168 ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ mi láàárọ̀ kùtù, tí n kò tíì fẹnu kan nǹkan, bẹ́ẹ̀ láti 126 lókè ni wọ́n ti ń pè é ní àìsàn. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, kò yí padà. Dókítà kọ oògùn metformin fún mi, ó ní kí n máa yẹ ara mi wò nílé. Mo ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, ọmọkùnrin ibẹ̀ sì bá mi gbé áàpù kan sórí fóònù. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé, àfi owó strip, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré tí mo ra strip, owó rẹ̀ ti tó ra ẹ̀rọ tuntun.

Ni ọmọ mi obìnrin tó wà ní London bá fi ẹ̀rọ míì ránṣẹ́, pẹ̀lú páálí strip mẹ́rin. Mo yọ̀, mo gbé ti àkọ́kọ́ sínú àpótí.

Ọjọ́ ìsinmi ni. Mo ti jẹ iyán (ẹ má bínú sí mi, ọmọ Oǹdó ni mí), mo wá gún ìka. Ẹ̀rọ tuntun kọ 11.2. Mo tẹ 11.2 sínú áàpù. Kíá, ojú fóònù pọ́n bí ata: ṣúgà rẹ ti lọ sílẹ̀ jù, wá nǹkan dídùn mu báyìí báyìí!

Àyà mi já. Wọ́n ti kọ́ wa ní kílíníìkì pé tí ṣúgà bá ti bọ́ sí abẹ́ 70, kéèyàn tètè wá nǹkan tó ní ṣúgà bíi gíráàmù 15, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ara mi kò gbọ̀n o. N kò làágùn, ebi kò pa mí. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu mí lára, àmọ́ fóònù ló sọ̀rọ̀, tíṣà ló gbọ́. Mo rán ọmọ ọmọ mi sí ìsọ̀ òdìkejì, ó ra mínírà wá, mo gbé e mu tán. Ìṣẹ́jú 15 pé, mo tún gún ìka: 14.6. Áàpù ní ó ṣì lọ sílẹ̀! Mo ti ṣí ìgò kejì tán kí ọmọ mi tó pè láti kí wa kú ọ̀sẹ̀.

Mo ka òǹkà fún un. Ó figbe ta: “Màmi, ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀!”

mmol/L ni wọ́n fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. mg/dL, òṣùwọ̀n tí a fi ń pe 126 àti 70 yẹn, ni ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́ ń kọ, òun la sì yàn sínú áàpù. 11.2 yẹn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18, ó lé ní 200. Ṣúgà ti ga lára mi, mo tún wá ń bu ṣúgà lé e lórí. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò!

N kò yọ áàpù náà dànù o. Dókítà mi kò béèrè ìwé lọ́wọ́ mi mọ́, fóònù ló máa ń gbà, á máa wo ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Awakọ̀, Oǹdó:

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi, ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Glimepiride wà lára oògùn mi, ìyẹn kì í fojú rere wo ẹni tó bá gbé e mì tí kò jẹun. Áàpù tèmi kò ju aago lọ: tó bá ti dún, mo gbé oògùn mì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dún ní gáréèjì, mo fi omi inú ọ̀rá gbé e mì, ọkọ̀ sì kún kí olóńjẹ tó bu ẹ̀wà mi tán. Mo ṣáná. Kí a tó kọjá Bọ́lọ́rundúró, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n lórí sítíárìn, òógùn tútù bò mí, títì kan ṣoṣo di méjì lójú mi. Mo rọra pákì. Àwọn èrò ń kùn, àfi ìyá kan tó wò mí lójú, tó sì yọ horo ṣúgà St. Louis mẹ́rin láti inú báàgì rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń ṣe òun náà.

Mo ti yí orúkọ aago yẹn padà. “Ṣé o ti jẹun?” ló ń kọ báyìí.

Ọmọbìnrin kan, àdúgbò FUTA:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mo ń bá màmá mi tẹ tiwọn. Oúnjẹ ló dá ìjà sáàárín èmi àti áàpù. Mo wá iyán, kò sí. Mo tẹ yam, ọ̀dùnkún ló gbé jáde. Mo pa ibẹ̀ tì, à ń ya fọ́tò àwo nìkan, a óò wá gún ìka lẹ́yìn wákàtí méjì. Gbogbo ẹni tó kí wọn ló ń sọ pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í gbé ṣúgà sókè. Wọ́n jẹ òkìtì méjì, ó di 214. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jẹ ìdajì òkìtì kan, ẹ̀fọ́ rìrò kún àwo, ó di 157.

Màmá Òkè-Àró, ẹ̀rọ London yẹn ńkọ́?

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́:

Òun ni mò ń lò, ọmọ mi, a ti tún áàpù ṣe. Mo lẹ páléstà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi báírò kọ “×18” sí i gàdàgbà.